Ìkòkò Tí Kò Lẹ́nu

Sítóòkù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024

Ìyáà mi,

Àsàlàámù aláékúmù. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Àbúrò mi Mujeeb sọ fún mi pé orúnkún wọn tún ti wú, pé orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí. Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń fi omi gbígbóná jó o fún wọn láràárọ̀, tí wọ́n á sì máa bá yín jà pé ó ti gbóná jù.

Mo ní kí Mujeeb tẹ lẹ́tà yìí jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kí ó gbé e wá fún yín ní Ọ̀kà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Bí mo bá ti dárúkọ amọ̀ báyìí, ẹ ó ní ẹ ò gbọ́ mi mọ́.

Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń sọ fáwọn èèyàn pé iṣẹ́ táìlì ni mo wá kọ́ níbí. N kò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ìkòkò ni mo ń mọ, Ìyáà mi. Ìlú yìí, ìlú amọ̀kòkò ni láti ayébáyé. Ìléru àtijọ́ wọn ṣì dúró káàkiri àdúgbò, wọ́n sanra nísàlẹ̀, wọ́n sì tín-ínrín lókè bí ìgò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín kò jáde níbẹ̀ mọ́. A ní yàrá iṣẹ́ ńlá kan, kálukú pẹ̀lú tábìlì tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí iná ń yí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń mọ tiwọn. Èmi kì í lò ó. Orí àpótí ni mo máa ń gbé ìdí ìkòkò lé, tí n ó wá máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, tí n ó máa fi amọ̀ lé amọ̀, bí mo ṣe ń rí yín tí ẹ̀ ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí léèrè pé kí ló dé tí mo máa ń bojú wẹ̀yìn bí mo bá ń yí ìkòkò ká. Mo ní n kò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo délé kí n tó rántí. Ẹ̀yin lẹ máa ń wẹ̀yìn, kí ẹ má baà tẹ Hanifah mọ́lẹ̀ nígbà tó ń rákò tẹ̀lé yín. Kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn mi níbí, Ìyáà mi, mo sì ń wo ilẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a to iṣẹ́ wa sílẹ̀ kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ lé e lórí. Olùkọ́ wa ń jẹ́ Hẹ́lẹ́nì. Orúkọ ni wọ́n ní ká máa pe àgbàlagbà níbí, ẹnu mi kò tíì gbà á dáadáa. Ó gbé ìkòkò mi, ó fi ìka gbá a, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó ní, "Ó dára. Mo lè fi í pọn omi lónìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọwọ́ ìyá rẹ sì ni. Iṣẹ́ ọnà dà níbẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ dà?" Gbogbo wọn ń wò mí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fọwọ́ kan amọ̀, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Amọ̀ tí a ń rà níbí, inú ọ̀rá ló ti ń wá, ó mọ́, kò sì ní òórùn kankan. Mo fẹ́ díẹ̀ lára amọ̀ Òkè-Ọ̀kà. Mo mọ ibi tí mò ń ní kí ẹ lọ. Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Muhsinah

Ọ̀kà Àkókó
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, 2024

Muhsinah ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara bàbá yín ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má fi ìrun Àsùbáà ṣeré nítorí òtútù. Èmi ní tèmi ní kí o wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Mujeeb ni yóò ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ.

Èmi ni mo ń sọ pé táìlì ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Èmi ni mo yàn án bẹ́ẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n máa bi mí léèrè lọ́jà pé lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé Alfa Zakariyya bàbá yín, ọmọ wo ló tún padà sídìí amọ̀. O rékọjá Yunifásítì Àkùngbá tí kò ju ìrìn ọ̀kadà lọ, o rékọjá gbogbo iṣẹ́ tí ń bẹ láyé, o wọ bàálù, o kọjá òkun, ìkòkò ni o sì lọ bá níbẹ̀.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí kòtò amọ̀ yẹn ti ya lu Hanifah àbúrò rẹ ni n kò ti tẹ ọwọ́ bọ amọ̀. Èlùbọ́ ni mò ń gbé lọ sí Ìkàrẹ́ báyìí, ó sì ń bọ́ wa. Ta ló tilẹ̀ ń ra ìkòkò mọ́? Kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo ayé ń lò. Ibi tí o ní kí n lọ, ẹsẹ̀ mi kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. N kò ní fi amọ̀ kankan ránṣẹ́.

Ní ti olùkọ́ rẹ, sọ fún un pé omi là ń fi ìkòkò pọn. Bí kò bá gba omi, igi ìdáná dára jù ú lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n ń wá kiri nínú rẹ̀.

Má bojú wẹ̀yìn mọ́ bí o bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà níwájú ni kí o máa wò.

Ìyá rẹ,
Àsíátù

Sítóòkù
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta, 2024

Ìyáà mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Èmi nìkan ni mò ń gbààwẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá ti ń po tíì ní ọ̀sán, mo máa ń jáde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kí ẹ tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi: amọ̀ náà ti dé ọwọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá Suleiman ni mo bẹ̀. Wọ́n lọ bù ú, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n gún un, wọ́n dì í sínú agolo mílíìkì, wọ́n wá fún Fisáyọ̀, ọmọbìnrin kan láti Àkùngbá tó ń bọ̀ wá kàwé níbí. Ẹ má bá àbúrò yín jà. Èmi ni mo yọ wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí mo da omi sí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ó ń rùn bí ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Mo jókòó tì í. Mo pò ó mọ́ amọ̀ ibí kí ó lè tó, mo bẹ̀rẹ̀ sí mọ ọ́n. Ìkòkò omi ni mo ní lọ́kàn, Ìyáà mi, irú tiyín gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọrùn rẹ̀, ọwọ́ mi kò ṣí i. Ó ń pa á dé. Mo ń wo ọwọ́ ara mi bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Bí mo ṣe parí rẹ̀, kò lẹ́nu. Abẹ́ ìdí rẹ̀ ni mo ti fi abẹ́rẹ́ lu ihò, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà jáde, kó má baà bẹ́ nínú iná.

Mo kùn ún ní èròjà tí iná máa ń sọ di bíi gíláàsì. Nígbà tí a kó o jáde nínú ìléru, ó bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ohùn wẹ́wẹ́ ni, bí ẹni tó ń fi èékánná ta ife. Hẹ́lẹ́nì ní kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: èròjà yẹn ń súnkì ju amọ̀ lọ, ó ń là tínrín-tínrín, àti pé bó bá tutù tán yóò dákẹ́. Ó ti tutù tipẹ́. Àwọn tó kù ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èmi ń gbọ́ ọ. Bí gbogbo wọn bá ti jáde lọ jẹun ọ̀sán, tó ku èmi nìkan, yóò dún lẹ́ẹ̀kan, yóò dákẹ́ bí ẹni ń retí ìdáhùn.

Hẹ́lẹ́nì yí i ká títí, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Iṣẹ́ ọnà rèé. Mo rí ọ wàyí." Inú mi dùn, ó sì tún bà jẹ́. Àwọn tó lè gba omi, wọn kò rí mi nínú wọn. Èyí tí kò lè gba ohunkóhun ni wọ́n ti rí mi.

Ní oṣù kẹfà, a ó pàtẹ iṣẹ́ wa fún gbogbo ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gba máàkì wa. Òun ni Hẹ́lẹ́nì fẹ́ kí n gbé síwájú, mo sì ti fún un lórúkọ. Mo pè é ní Hanifah.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ rí. N kò rí ojú rẹ̀. Ìdí ìdánwò àṣekágbá ni mo wà ní Ìkàrẹ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí, ẹ sì mọ bí a ṣe ń tètè sin òkú tiwa. Kí ọkọ̀ tó gbé mi dé, wọ́n ti sin ín tán. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tútù ni wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Mo wo yẹ̀pẹ̀ yẹn títí. Mo ṣì ń wò ó.

Ẹ fún mi ní ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì ṣe àdúà sí i.

Ọmọ yín,
Muhsinah

Sítóòkù
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 2024

Ìyáà mi,

Ẹ kú àtijọ́. A gbààwẹ̀ tán, a jẹ Ìtùnú, n kò gbọ́ ohùn yín. Mo pè, Bàbá ló gbé e. Wọ́n ní ẹ wà, pé ara yín yá, pé ẹ ní ẹ ó kọ̀wé. Mo gbọ́ ìró yín nítòsí, ẹ ń fẹ́ ìyẹ̀fun èlùbọ́ kúrò lára abọ́. Mo ní kí wọ́n fún yín ní fóònù. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ ná."

Wọ́n ti ń bèèrè orúkọ iṣẹ́ kálukú kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sára káàdì. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi.

Muhsinah

Ọ̀kà
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2024

Muhsinah,

Mo rí gbogbo ìwé rẹ. N kò kí ọ lọ títí, nítorí bí mo bá ń kí ọ, n kò ní lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Suleiman ti wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. N kò bá a jà. Ìwọ ni mò ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ta ló sọ fún ọ?

O ní o kò rí ojú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi ń wá ohun tí wàá máa wò. Èmi rí i. Ọwọ́ rẹ̀ la kọ́kọ́ kàn. Safurat tí a jọ máa ń bu amọ̀ ló ń fà á, èmi ni mò ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀, nítorí mo sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́bìrì súnmọ́ ọn. Nígbà tí a gbé e jáde, ojú rẹ̀ wà bó ṣe máa ń wà. Ẹnu rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Amọ̀ ti dí i, ó tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ètè rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi omi ra á. Ìka mi yìí ni mo fi ń yọ ọ́. Mo yọ ọ́ títí, n kò yọ ọ́ tán kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi láti wẹ̀ ẹ́.

Èmi àti Safurat nìkan ló mọ èyí. A kò sọ fún bàbá yín. Safurat kò ní fóònù tirẹ̀, kò sì mọ̀wé í kọ. Ìwọ wá jókòó ní ìlú òyìnbó, o po amọ̀ kòtò yẹn, o mọ ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ dí, o sì sọ ọ́ ní Hanifah.

Ọjọ́ tí Mujeeb mú ìwé rẹ wá, mo kà á dé ibẹ̀, mo sì gbé e sábẹ́ ẹní. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kiri. Mo ń kírun, n kò mọ iye rakaa tí mo ti kí.

Má ṣe gbé e síta. Kò sí ẹni tí yóò di ife mú, tí yóò máa rìn yí ọmọ mi ká, tí yóò máa wí pé ó dára tàbí kò dára. Àwa kì í kọ́ ilé sórí sàárè, débi pé a ó sọ ọ́ di ohun àpéwò. Iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ ọwọ́, n kò mọ èyí tí wọ́n ń pè é. Orúkọ ọmọ mi ni mo mọ̀. Yọ ọ́ kúrò.

Àsíátù

Sítóòkù
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà, 2024

Ìyáà mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá.

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Mo fi Ẹni tó dá mi búra, n kò mọ̀. Nígbà tí mo ka ìwé yín, mo jáde síta láìwọ ẹ̀wù òtútù. N kò fẹ́ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Mo lọ bá Hẹ́lẹ́nì lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ìkòkò yẹn kò ní lọ sí ibi ìpàtẹ."

Ó ní, "Ṣé ìyá rẹ ló ní kí o má gbé e lọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Muhsinah, iṣẹ́ tìrẹ ni. Àgbà ni ọ́. Òun ni yóò gbà ọ́ là níwájú àwọn tó ń fúnni ní máàkì."

Mo ní, "Orúkọ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tèmi láti fi gba máàkì."

Obìnrin dáadáa ni, Ìyáà mi; kò pariwo mọ́ mi. Ó ní tí a bá yọ orúkọ náà kúrò ńkọ́, kí a gbé e síbẹ̀ láìlórúkọ? N kò lè purọ́ fún yín, ọkàn mi fà sí i. Ohun tó dára jù tí mo tíì fi ọwọ́ mi ṣe ni. Mo ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó dún lọ́wọ́ mi, mo sì gbé e padà.

Ìkòkò omi mi ni mo pàtẹ. Mo bu omi sí wọn, mo fi ife tì wọ́n. Àwọn kan mu, àwọn kan bèèrè bóyá wọ́n láàyè láti mu. Máàkì tí wọ́n fún mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo yege. Lára ohun tí wọ́n kọ ni pé ọwọ́ mi dán, àwọn kò sì mọ ohun tí mò ń fi iṣẹ́ náà wí. Ó dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí.

Èyí tí kò lẹ́nu yẹn wà nínú yàrá mi báyìí, mo fi aṣọ ìborí mi wé e. Ó ti dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ṣé kí n fọ́ ọ? Ṣé kí n sin ín? Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe.

Muhsinah

Ọ̀kà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Muhsinah ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ọwọ́ rẹ yẹn ṣe ibi. Àlàáfíà la wà. Òjò ọdún yìí pọ̀. Ọ̀nà Ìpè bàjẹ́ débi pé ọkọ̀ kì í fẹ́ gbà á mọ́. Bàbá yín ti ń fi ọ̀pá rìn lọ sí mọ́sálásí.

Mo pẹ́ kí n tó dáhùn nítorí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.

Ìjì ṣí páànù ahéré tó wà lẹ́yìn ilé. O kò wọ ibẹ̀ láti ìgbà náà, èmi náà kò wọ ibẹ̀. Ìkòkò tútù ló wà níbẹ̀, àwọn tí mo mọ lọ́sẹ̀ yẹn tí n kò sun. Ọ̀kan nínú wọn, Hanifah ló mọ ọ́n. Ó wọ́, ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀ yíká. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé n ó lọ sun ún, n kò lọ. Ìkòkò tí kò rí iná, bí omi bá kàn án, yóò padà di amọ̀. O mọ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti ṣàn lọ sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ti parẹ́. Mo dúró nínú òjò, mo ń wò ó bó ṣe ń wó lulẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún tí n kò sun ní ọjọ́ ìsìnkú.

Lẹ́yìn náà mo kó o. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò irin, mo ṣà á tán pátápátá. Mo ránṣẹ́ sí Safurat. Àwa méjèèjì rìn dé òkè. A kò wọ inú kòtò, etí rẹ̀ la ti bu èyí tí a fi kún un. Mo gún un, mo pò ó, mo mọ ọ́n. Ọwọ́ mi ti le, ó wọ́ ju èyí tí ọmọ náà mọ lọ. Mo ṣe ẹnu rẹ̀ gbòòrò gan-an. Safurat ní ó ti gbòòrò jù, pé ìdérí kankan kò ní bá a mu. Mo ní kí ó fi mí sílẹ̀. A sun ún, kò fọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, omi ló wà nínú rẹ̀, abọ́ fífẹ̀ kan ni mo fi ń dé e. Bàbá yín bèèrè ibi tí mo ti rà á. Mo sọ fún un, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bu omi fún òun. Ó ṣe Bísímílà, ó mu ún tán, ó ní omi náà tutù.

Ní ti èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ, má fọ́ ọ, má sì sin ín. A ti sin ín lẹ́ẹ̀kan. N kò fẹ́ rí i, n kò sì ní kí o má wò ó. Mo ti ń rò ó. O kò rí i lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́ sí ọ láti rí nǹkan. Kí ó kàn má jẹ́ níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí olùkọ́ rẹ bá pè é, òun ni kó máa jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí n kò tíì sọ fún bàbá yín. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Alaásàrí, òun kò tíì ti mọ́sálásí dé, ó ku èmi nìkan nílé, mo nà sórí ẹní. Mo gbọ́ tí ife kan ara ìkòkò lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n bu omi, mo gbọ́ tí wọ́n mu ún, gbì, gbì, bí ọmọ tó ti ń ṣeré nínú oòrùn. N kò dìde. N kò béèrè pé ta ni.

Láti inú yàrá ni mo ti sọ fún un pé kí ó dé e padà.

Ìyá rẹ,
Àsíátù